Awò Ìwòràwọ̀ Kan ní Ṣàgámù: Ohun Tí Ó Fi Hàn Wá àti Ibi Tí Ó Kù Sí

Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni mo ra awò ìwòràwọ̀ yìí ní ₦115,000 lọ́wọ́ ontàjà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé e wá bá mi ní Ṣàgámù láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì ni wọ́n jẹ́ kí n rà á, nítorí wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ayé tiwa yìí nìkan ni a ti mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí wà, n kò sì fẹ́ máa fi àwòrán inú ìwé nìkan dá wọn lóhùn. Owó náà kò ṣòfò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àléébù awò náà kò kéré.

Dígí iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 70. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó lè sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn rà á. Ìmọ́lẹ̀ tí irú dígí bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé kò pọ̀, bí a bá sì ti kọjá nǹkan bí ìlọ́po 140, bàìbàì ni gbogbo nǹkan yóò máa rí. Ìlọ́po 28 àti 70 ni mo ń lò. Èyí tí ó burú jù ni ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó ń dúró lé: ó fúyẹ́ débi pé bí atẹ́gùn díẹ̀ bá fẹ́, ìràwọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú.

Alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni awò náà wọ̀ mí lọ́kàn. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, Àgùàlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé àga fún ìyá mi, wọ́n fojú sí i, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé Àgùàlà náà máa ń lé bí oṣù ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́: ó tẹ̀ bí dòjé, ó kéré, ó sì ń tàn yòò. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ayé kan gédégbé ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó tiwa.

Síbẹ̀, ojú ilẹ̀ rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 465 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru tí ó lè yọ́ òjé. Ó sún mọ́ oòrùn jù wá lọ, àmọ́ ohun tí ó mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀ ni carbon dioxide, irú afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, tí ó kó nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí ó sì dé ooru mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Ayé tiwa náà ní carbon dioxide lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n inú òkúta ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Omi ni ó bá wa gbé e pamọ́: òjò fọ̀ ọ́ wálẹ̀ láti òfuurufú, ó ṣàn wọ inú òkun, àwọn ẹran omi fi ṣe ìkarahun, nígbà tí wọ́n sì kú, ìkarahun wọn kó jọ di òkúta ẹfun. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Ṣàgámù níhìn-ín láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, nítorí òkun ti bo ilẹ̀ wa yìí rí. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, mo mú ẹyọ kan lọ sí kíláàsì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ awò náà, n kò sì rí i kí àwọn ọmọ náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo tún fi awò náà wo Máàsì àti Júpítérì, àwọn ayé mìíràn tí ń yí oòrùn ká. Máàsì kò ju róbótó pupa kékeré kan lọ. Ṣùgbọ́n àwọn òṣùpá Júpítérì mẹ́rin tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí ní ọdún 1610 hàn ketekete, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan. Europa wà lára wọn. Yìnyín ni ó bò ó, àwọn onímọ̀ sì gbà pé òkun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí omi rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo òkun ayé lọ, tí kò dì nítorí pé bí Júpítérì ṣe ń fà á, tí ó ń dẹ̀ ẹ́, ni inú rẹ̀ ń móoru. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni NASA, àjọ tí ó ń rí sí ìrìn àjò òfuurufú ní Amẹ́ríkà, rán ọkọ̀ Europa Clipper lọ síbẹ̀, ọdún 2030 ni a sì ń retí pé yóò dé. Ọmọ kan bi mí pé, "Sà, ṣé ẹ̀mí lè wà níbi tí oòrùn kò dé?" Mo sọ fún un pé láti ọdún 1977 ni a ti rí i nísàlẹ̀ òkun ayé yìí, létí ihò tí omi gbígbóná ti ń tú jáde nínú òkùnkùn.

Ẹ má ṣe dojú awò náà kọ oòrùn láéláé, nítorí yóò fọ́ni lójú. Ìgbà ọyẹ́ kò dára fún un. Alẹ́ tí òjò bá ti dá ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á fún ilé ìwé, kí ó ya owó ẹsẹ̀ mẹ́ta míràn sọ́tọ̀. Káfíńtà kan ní àdúgbò wa ni ó fi igi kan tèmi, atẹ́gùn kò sì mì í mọ́.