Monkey World ní Dorset: ọgbà tí wọ́n kọ́ fún ọ̀bọ, tí èèyàn kàn ń yà wò

Kí n tètè là á yé ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ lọ sí Monkey World: kò sí kìnnìún níbẹ̀, kò sí erin, kódà kò sí elégbèdè (gorilla). Ọ̀bọ, ìnàkí (chimpanzee), orangutan onírun pupa, gibbon ọlọ́wọ́ gígùn, lemur àti àwọn mọ̀lẹ́bí wọn ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n lé ní 250, lórí ilẹ̀ tó tó 65 éékà lẹ́bàá ìlú Wool, ní Dorset, gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ mi ti ń kùn láti ilé pé bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣorí, pé ta ló ń fi odidi ọjọ́ wo ọ̀bọ. Òun náà la ń pè títí nígbà tí wọ́n fẹ́ ti géètì.

Oko ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti pa tì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1987 ni Jim Cronin, ará New York, àti Jeremy Keeling tó ti pẹ́ nídìí ìtọ́jú ẹranko, sọ ọ́ di ọgbà. Àwọn ẹran tí kò nílé ni wọ́n torí wọn kọ́ ọ. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ayafọ́tò etíkun ní Sípéènì máa ń ra ọmọ ìnàkí tí wọ́n jí gbé láti Áfíríkà. Wọn á wọ̀ ọ́ láṣọ ọmọ èèyàn, wọn á gbé e lé àwọn tó wá gbafẹ́ lápá, wọn á gbowó fọ́tò. Kó má baà gé èèyàn jẹ, wọn á yọ eyín rẹ̀, wọn á sì fún un lóògùn tí ojú rẹ̀ á fi máa ṣú. Bó bá dàgbà tí apá ò ká a mọ́, wọn á pa á. Tọkọtaya kan tó ń gbé ní Sípéènì, Simon àti Peggy Templer, ló dìde sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ń gba àwọn ọmọ ìnàkí yìí sílẹ̀. Mẹ́sàn-án irú wọn ni Dorset fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé o. Ìyá ìnàkí kì í yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ, ìyá ló máa kọ́kọ́ yìnbọn pa. Ìnàkí díẹ̀ ṣì kù nínú igbó Ìṣẹ̀-Èkìtì àti ti Ìdànrè, ẹ̀yà tó jẹ́ ti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn ló sì kù kéré jù nínú gbogbo ẹ̀yà ìnàkí. Mélòó nínú àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ló mọ̀?

Ohun tó mú mi fún ọgbà yìí ní máàkì ni bí wọ́n ṣe ń kó ẹran jọ. Wọn kì í mú ẹran tuntun jù sáàárín èrò. Òṣìṣẹ́ tó bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìnàkí ṣàlàyé pé àwọ̀n irin ló máa ń kọ́kọ́ wà láàárín àlejò àti onílé, kí wọ́n gbóòórùn ara wọn, kí wọ́n na ọwọ́ síra wọn. Tó bá yá, wọ́n á jẹ́ kí àgbà abo kan tó níwà tútù wọlé tọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ẹlòmíì, títí á fi kan olórí ilé. Ọ̀sẹ̀ lè kọjá, oṣù lè kọjá. Ní 2008, wọ́n kó ọ̀bọ capuchin 88 wá láti ilé ìwádìí kan ní Santiago ní Chile, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun Chile ló gbé wọn wá. Àwọn kan nínú wọn ti dá nìkan gbé inú àgò kékeré fún nǹkan bí ogún ọdún. Àwọn ni mo dúró wò pẹ́ jù. Ọ̀kan jókòó lórí ìtì igi, òmíràn ń yẹ irun ẹ̀yìn rẹ̀ wò wẹ́wẹ́ bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ, ẹni tí wọ́n ń yẹ lára wò sì na apá kan sókè, ó dijú.

Ọgbà kan tí wọ́n kó wa lọ nígbà tí mo wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀: ọ̀bọ kan ṣoṣo nínú àgò, ó ń mi síwá mi sẹ́yìn láti àárọ̀, a sì ń ju ẹ̀pà sí i, à ń rẹ́rìn-ín.

Ní Dorset, ẹran lè kẹ́yìn sí yín. Ó nílé tó gbóná tó lè wọ̀ lọ, ó ní òpó gíga tí wọ́n fi rọ́bà àwọn panápaná so pọ̀ tó lè gùn. Kò sẹ́ni tó máa lé e jáde nítorí pé ẹ ti sanwó. Àwọn ìbejì mi ò fẹ́ gbọ́ èyí rárá. A dúró síwájú ilé orangutan títí, a ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í wínníwínní ni ọ̀kan yọjú, ó fa àpò ìdọ̀họ kan da orí bí ẹni tó ń sá lọ sọ́jà, ó fara balẹ̀ rìn kọjá. Ìyá ọkọ mi, tó wá kí wa láti Ọ̀yọ́, pàtẹ́wọ́. Nígbà tó rí àwọn kéékèèké tó ń fò láti igi dé igi, ó yíjú sí Táyé àti Kẹ́hìndé, ó bú sí oríkì: “Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdunjọbí, ọmọ ẹdun tí ń ṣeré orí igi!” Àwọn òyìnbó tó wà nítòsí dákẹ́, wọ́n ń gbọ́.

Ohun kan ya màmá lẹ́nu: wọ́n ń fún àwọn abo ìnàkí lóògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. “Kí ló dé?” Ìdí ni pé àwọn tó ń dúró de ibùsùn pọ̀ níta, ọmọ tuntun kan á gba àyè ẹnìkan tí ìyà ń jẹ. Orangutan àti ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní woolly monkey ní tiwọn ń bímọ, torí wọ́n ti ń tán lọ nínú igbó. Èmi fara mọ́ ọn. Ọgbà tó ń bí ọmọ ìnàkí kí èrò lè wá wò ó, ọjà ló ń tà.

Ẹ má fo ilé àwọn ọ̀bọ marmoset, bí wọ́n tilẹ̀ kéré. Inú pálọ̀ àwọn èèyàn ní Britain ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, nínú àgò ẹyẹ, láìrí oòrùn, egungun àwọn mìíràn sì ti wọ́. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2026, òfin ní England ni pé ẹni tó bá ń sin irú wọn nílé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Jim Cronin kú ní 2007, ìyàwó rẹ̀, Alison, ló sì ń darí ibẹ̀. Bí olówó kan nílé bá ń gbèrò irú ọgbà yìí, ìbéèrè tèmi ni pé níbo lẹ ti máa rí ẹran? Tí ẹ bá rà á, ọdẹ á tún wọ igbó lọ mú òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo Calabar, níbi tí àjọ Pandrillus ti ń gba ọ̀bọ drill sílẹ̀ láti 1991.

Ọ̀nà: ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo ní London tó ń lọ sí Weymouth máa ń dúró ní Wool. Ibẹ̀ sí ọgbà tó bíi máìlì kan. Takisí tí a pè kò wá, ẹ pè é sílẹ̀ láti ilé, kó tó di pé ẹ gbéra. Ẹ tètè dé kí ẹ lè gbọ́ orin gibbon, takọtabo ló ń kọ ọ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa padà wá, ẹ gba ẹran kan ṣe ọmọ, ìyẹn ni pé kí ẹ sanwó ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀: owó yẹn á fún yín láǹfààní àtiwọlé fún ọdún kan gbáko. Ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ sì má wọ bàtà gíga, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ibẹ̀.