Ogun nítorí epo, ogun tí wọ́n fi gáàsì jà

Epo rọ̀bì ni wọ́n ń torí ẹ̀ jagun. Gáàsì ní tiẹ̀, òun gan-an lohun ìjà: ẹni tó ń tà á lè ti páìpù pa. Lóṣù kẹjọ ọdún 1990, Ìráàkì ya wọ Kuwait, ó ní Kuwait ń fa epo òun lábẹ́ ilẹ̀ ní Rumaila, pápá epo tó wà lẹ́bàá ààlà wọn. Nígbà tí wọ́n lé e jáde lọ́dún 1991, ó sọná sí kànga epo tó lé ní 600. Èéfín sọ ọ̀sán di òru! Èyí ló burú jù lójú tèmi. Epo ṣeé jí: ọkọ̀ ojú omi á gbé e lọ síbi tó bá wù ú.

Gáàsì inú páìpù ò ṣeé jí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2022, Rọ́ṣíà dá ti Nord Stream 1, páìpù tó ń gbé gáàsì rẹ̀ lọ sí Jámánì, dúró, àyà Jámánì já. Kí ọdún tó parí, ọkọ̀ tó ru gáàsì olómi ti gúnlẹ̀ sí Wilhelmshaven, èbúté kan ní Jámánì.