Àlàpà Reculver létí òkun Kent: ẹ má wo òkè nìkan o

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń rí táwà méjì tó kù lára àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì Reculver yìí nínú fọ́tò, Sátidé tó kọjá lèmi àti Ìyá Ìbejì wá lọ, a wọ rélùwéè láti London dé Herne Bay, ó ku ká fẹsẹ̀ rìn tó máìlì mẹ́ta létí òkun, atẹ́gùn sì ń gbá wa létí bíi pé a jẹ ẹ́ lówó.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ibi àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń bójú tó o. Táwà yẹn ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ yà, wọ́n rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ọmọ àná ni wọ́n jàre, ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n tó kọ́ wọn mọ́ ọn. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bárékè ṣọ́jà Róòmù ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, Regulbium ni wọ́n ń pè é, nígbà tó di 669 ni Ọba Egbert ti Kent gbé ilẹ̀ náà fún àlùfáà kan tó ń jẹ́ Bassa pé kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bassa ò wá ohun ìkọ́lé lọ síbì kan, àwọn ará Róòmù ti kó lọ, wọ́n fi ẹrù sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ síbi ògiri tó ti wó kù yẹn, ẹ óò rí bíríkì pupa pẹlẹbẹ, bí ìka méjì ni sísanra ẹ̀, wọ́n há a sáàárín òkúta ṣákaṣàka, tòkunbọ̀ gidi! Ìyàwó mi fọwọ́ pa á títí, ó ní "Dádì Ìbejì, àwọn bíríkìlà yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́wó ná o."

Ohun tó dùn mí ni pé òpó méjì tó wà láàárín ìjọ àti pẹpẹ ò sí níbẹ̀ mọ́, abẹ́ ilẹ̀ Kàtídírà Canterbury, tí àwa Áńgílíkà ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ látikékeré, ni wọ́n gbé e sí. 1809 ni wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì náà torí òkun ti ń jẹlẹ̀ bọ̀ (ó ti jẹ nǹkan bí ìdajì bárékè yẹn), Trinity House, àjọ tó ń bójú tó iná atọ́nà ọkọ̀ òkun, ló ra táwà sílẹ̀ káwọn atukọ̀ lè máa fi mọ̀nà. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un, ìkarùn-ún wà ní Canterbury pẹ̀lú òpó yẹn.

Ẹ wọ kóòtù tó nípọn, kẹ́ ẹ sì gbé oúnjẹ dání, ẹni tó ń ta tíì ti palẹ̀ mọ́ ká tó débẹ̀, bísíkíìtì inú báàgì la jẹ padà dé Herne Bay.