Dókítà eyín ọmọdé ní Ìlọrin: èwo ló yẹ ọmọ yín?

Ọmọ mi obìnrin ò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà tí eyín rẹ̀ kan nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lóru. Gúrúndí àti bàbá dúdú ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹjọ́ fídà ni, ẹjọ́ èmi náà sì ni: ògì oníṣúgà tí mo máa ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè tètè sùn, tó sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ títí di ìdájí. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, mo gbé e wọ kílínìkì àkọ́kọ́ tí mo rí pátákó rẹ̀. Wọ́n fi ìró wé e tọwọ́tẹsẹ̀, ẹni méjì dì í mú, wọ́n fa eyín náà. Eyín jáde lóòótọ́. Àmọ́ fún bí ọdún kan lẹ́yìn náà, bó bá ti rí ẹni tó wọ funfun, ì báà ṣe àáfà tó ń lọ kírun Jímọ̀ jẹ́jẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí.

Láti ìgbà náà, mo ti gbé òun àti àbúrò rẹ̀ dé oríṣiríṣi ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín, mo sì fẹ́ gbé àwọn ibi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún òbí tó ṣì ń wá ibi tó máa gbé tirẹ̀ lọ. Ẹ tètè gbọ́ ibi tí mo fì sí: ní ti ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà, ọwọ́ ẹni tó máa wo ẹnu rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá lọ. Ọmọ tí ẹ̀rù bà lónìí, ẹ ò ní rí i mú débẹ̀ lóṣù mẹ́fà sí i, eyín tó kù á sì máa jẹrà lọ.

Ta ni à ń wá gan-an?

Dókítà eyín ní Nàìjíríà máa ń ní BDS tàbí BChD lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọdọọdún ló sì gbọ́dọ̀ sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun. Ó lè tọ́jú àgbà, ó lè tọ́jú ọmọdé. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ eyín ọmọdé ti tẹ̀ síwájú ju ìyẹn lọ: ó ti lo ọdún mélòó kan sí i ní ọsibítù ńlá, ó sì ti yege ìdánwò National Postgraduate Medical College of Nigeria tàbí ti West African College of Surgeons.

Ibì kan wà tí òbí ti máa ń ṣìnà. Child Dental Health ni wọ́n ń pe ẹ̀ka eyín ọmọdé ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ẹ̀kọ́ wa, abẹ́ ẹ̀ka kan náà sì ni àwọn tó ń to eyín tó wọ́ wà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà mọ́ eyín ọmọ ọdún 12 lè má ní sùúrù ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń ta ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá ní consultant àwọn ti Child Dental Health ni, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé eyín títò ni wọ́n ń ṣe ni, àbí ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́?” Wọn ò ní bínú.

Dental therapist náà wà, tí gbogbo wa máa ń pè ní dókítà. Wọn kì í ṣe dókítà, àmọ́ àwọn náà ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Fífọ eyín, fífi fluoride, oògùn tó ń mú eyín le, kun eyín, kíkọ́ ìyá bó ṣe máa fọ ẹnu ọmọ, iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ tó mú kí ọmọ mi la ẹnu láìsunkún, therapist ni. Ẹni tí mi ò fẹ́ kí ẹ sún mọ́ ni èyí tó ń fa eyín lábẹ́ agboòrùn lọ́jà, tí irin kan náà ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì.

UITH, ní Òkè-Ọ̀sẹ́

Ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ ni ọsibítù ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìlọrin wà báyìí. Àárín ìlú ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, àwọn àgbà míì ṣì ń júwe Àmílẹ́gbẹ́ fún èèyàn, ẹ má bá wọn lọ. Ẹni tó bá ti Ọ̀fà tàbí Ọmù-Àràn wọ̀lú, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Gàréèjì Ọ̀fà, ṣì máa gba inú ìlú kọjá sí òdìkejì kó tó débẹ̀.

Ohun tí ẹ lè má rí níbòmíì nílùú yìí ni pé dókítà eyín, dókítà ọmọdé, àti dókítà tó ń kun èèyàn lóorun wà nínú ọgbà kan náà. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ibẹ̀ ni mo máa gbé e lọ tààrà, mi ò ní yà síbì kankan. Àwọn kan nínú àwọn ọlọ́kàn yìí gbọ́dọ̀ lo oògùn kí wọ́n tó fa eyín wọn, kí kòkòrò ẹnu má bàa bá ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọkàn. Ọmọ tí eyín bíi mẹ́jọ ti jẹrà lẹ́nu rẹ̀, tó jẹ́ pé kíkùn lóorun nìkan ló lè jẹ́ kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn náà ò kúrò ní ọsibítù ńlá. Bí kílínìkì aládàáni kan bá sọ fún yín pé àwọn lè kùn ún lóorun sórí àga àwọn, ẹ béèrè ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ èémí ọmọ náà lọ. Bí wọn ò bá ní, ẹ gbé ọmọ yín.

Àléébù ibẹ̀ ò pamọ́: owó káàdì, ìlà, fáìlì tó ń rìn bí ìgbín, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ tí wọ́n á yí àga ká. Ẹni tó rí ọmọ yín lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá padà lọ. Ti ìyanṣẹ́lódì kò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé.

Ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀

Ó sún mọ́ni, owó rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́. Fún ẹni tó ń lo NHIA, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ọsibítù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ló ti máa bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó kọ lẹ́tà sí ibi tó tóbi jù, torí náà àwọn ará Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọmù-Àràn, ẹ wo ti àdúgbò yín kí ẹ tó fowó ọkọ̀ ṣòfò. Òṣìṣẹ́ tó wà lórí NHIA ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé 18 sílẹ̀. Ìtọ́jú eyín tí kò le, bíi fífa eyín tí kò gba iṣẹ́ abẹ àti dídí ihò, wà nínú rẹ̀. Fìlà irin tí wọ́n fi ń bo eyín àti eyín títò, ẹ má retí ìyẹn.

Kò sí àga ọmọdé níbi tí mo lọ. Àwọn bàbá tó di òwú sẹ́nu ló jókòó tì wá, ọmọ mi sì wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára òwú yẹn tó.

Kílínìkì aládàáni

Taiwo, Fate, Tanke, GRA, pátákó wọn pọ̀. Wọ́n ń dá àsìkò fúnni, wọn kì í jẹ́ kéèyàn pẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń fi àwòrán ọmọdé hàn. Má jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tàn ọ́, ìyá. Ibi tí wọ́n ti fi ìró di ọmọ mi mú náà ní tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó ya àwọn kílínìkì yìí sọ́tọ̀ síra wọn ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kì í dé bí kò ṣe ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ béèrè, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ. Ìgbà tí mo mọ èyí ni nǹkan yí padà fún wa. Dókítà obìnrin tó wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ò wo ẹnu ọmọ mi rárá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, “Màámi, ẹ yá mi ní àtàǹpàkò yín.” Ó wá gbé rọ́bà róbótó tí wọ́n fi ń fọ eyín, èyí tó máa ń pòòyì, lé èékánná rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ó dùn yín?” Ọmọ mi ní, “Ó ń rìn mí.” Ó tún ní kó gbé àtàǹpàkò kejì wá. Ìgbà kẹta ni ọmọ fúnra rẹ̀ la ẹnu. Wọn ò yọ eyín kankan lọ́jọ́ yẹn, mo sì sanwó, inú mi sì dùn láti san án.

Ní ti àbúrò rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì, dókítà gbé àga rẹ̀ wá síwájú mi títí orúnkún wa fi kanra. Ọmọ dọ̀bálẹ̀ sí àyà mi, a wá dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan dókítà, ojú rẹ̀ ń wo ojú mi. Ó ké díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi ka gbogbo eyín rẹ̀ tán. Ẹ bi kílínìkì tí ẹ bá fẹ́ lọ bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ ọdún kan, tí wọ́n bá ní àwọn ò kí ń wo ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ọjọ́ ìbí àkọ́kọ́ ni kò yẹ kó kọjá kéèyàn tó lọ.

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ èyí, ó ní oògùn eyín híhù la ń fún ọmọ ọdún kan, wọn kì í gbé e lọ fún dókítà. Màmá, ẹ má bínú. Láàárín ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín híhù kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí májèlé ti wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tó lé ní 80 ní ilẹ̀ wa.

Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀

UCH ní Ìbàdàn àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka eyín ọmọdé tó ti pẹ́, tó sì ń kọ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ó tó rìnrìn àjò fún. Bí ó bá jẹ́ ihò kan péré, owó epo àti ọjọ́ iṣẹ́ méjì tí ẹ máa pa jẹ ti ju owó ìtọ́jú lọ.

Fífa tàbí títọ́jú?

Ìbéèrè yìí ni mo fi ń mọ ibi tó dáa yàtọ̀ sí ibi tí kò dáa. Ogún ni eyín tí ọmọ máa kọ́kọ́ hù, àwọn ti ẹ̀yìn ò sì ní yọ kúrò títí di nǹkan bí ọdún 10 sí 12. Ẹni tó bá fa ti ọmọ ọdún mẹ́rin, àyè yẹn máa ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn eyín tó yí i ká á máa sún bọ̀, èyí tó yẹ kó hù síbẹ̀ á sì wọ́. “Á ṣáà yọ náà” ò kí ń ṣe ìdáhùn dókítà.

Bí ihò bá kéré, wọ́n lè dí i. Ẹ má gbà kí wọ́n fi amalgam, èyí tó ní mákúrì nínú, dí ti ọmọdé: ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata, Nàìjíríà wà lára wọn, gbà pé kí wọ́n má fi sí eyín ọmọ tí kò tíì pé 15, àfi tí dókítà bá rí i pé ó pọn dandan. Bí ihò bá ti dé ẹran inú eyín, wọ́n lè yọ apá tó bàjẹ́, kí wọ́n gbé fìlà irin kékeré bo eyín náà títí àsìkò tó máa yọ fi tó. Oògùn olómi kan tún wà, silver diamine fluoride, tí wọ́n ń kùn sínú ihò kó má bàa jinlẹ̀ sí i. Kò gba abẹ́rẹ́. Ibi tí wọ́n bá kùn máa ń dúdú bí èédú, torí náà kí wọ́n ti fi fọ́tò rẹ̀ hàn yín kí wọ́n tó kùn ún. Tó bá sì jẹ́ pé fífa ló kù, ẹ béèrè wáyà kékeré tí ń bá eyín tó ń bọ̀ di àyè mú. Ibi tí wọn ò bá ti mọ ohunkóhun nínú gbogbo èyí yàtọ̀ sí ẹ̀mú tí wọ́n fi ń fa eyín, ibi àgbàlagbà ni.

Ẹ kíyè sí eyín ńlá kan tó máa ń hù sẹ́yìn pátápátá ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Kì í lé eyín kankan jáde, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìyá rò pé yíyọ ló máa yọ. Kò ní í yọ. Òun ni ọmọ máa bá dàgbà.

Tèmi rèé: kílínìkì aládàáni lọ́jọ́ tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ojú wíwú pẹ̀lú ibà, UITH ni, lóru náà. Ẹni tí owó há mọ́ lọ́wọ́ lè lo ọsibítù ìjọba fún àyẹ̀wò àti fluoride, kó sì fi owó tó kù pamọ́ de ìgbà tí ihò bá dé. Kí ẹ tó jókòó sórí àga níbikíbi, ẹ gba iye owó káàdì, ti X-ray àti ti eyín kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí “á tó bíi báyìí” kì í jẹ́ báyìí nígbà tí wọ́n bá kọ rìsíìtì.

Ẹ mú ìwé àjẹsára ọmọ dání, àti páálí gbogbo oògùn tó ń lò. Àárọ̀ ni kí ẹ gba àsìkò sí, ọmọ tí kò tíì sun oorun ọ̀sán kì í fetí sí dókítà. Ẹ fún un lóúnjẹ kí ẹ tó kúrò nílé, àfi tí wọ́n bá ti sọ pé wọ́n máa kùn ún lóorun. Ìyẹn ni ọmọ ò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun kan ẹnu, wọ́n á sì ti dá wákàtí rẹ̀ fún yín.