Simile àti Metaphor: Báwo la ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ọ̀yọ́ ti mọ méjèèjì láti kíláàsì Yorùbá: àfiwé tààrà ni simile, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni metaphor. Simile a máa fi "like" tàbí "as" so nǹkan méjì pọ̀: "The rumour ran through Akẹ̀sán market like harmattan fire." Metaphor kò nílò wọn. Ṣe ló máa ń pe ọ̀kan ní èkejì: "The rumour was a harmattan fire."

Ibi tí máàkì ti ń bọ́ nìyí: wọ́n á rí "like", wọ́n á kọ simile. Nínú "I like àmàlà", ìfẹ́ràn lásán ni. Nínú "as she left", àkókò ni "as" ń tọ́ka sí.

Metaphor ló le jù, nítorí ó lè fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo: "The news burned through the town." Ṣé ìròyìn ń jó lóòótọ́? Rárá, ìwà iná ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Nínú ìdáhùn, ẹ dárúkọ ọnà-èdè náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó gbé e jáde, kí ẹ wá sọ iṣẹ́ tó ṣe: iná ọyẹ́ máa ń yára ràn, ó sì ṣòroó pa.