Mo ti gbé ìwé yàádì wọ pápá gọ́ọ̀fù lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti fẹ́ kọ àgbéyẹ̀wò yìí àmọ́ mo ní kí n lò ó dáadáa ná, torí àwọn kan wà tí wọ́n á ra nǹkan láàárọ̀ tí wọ́n á ti fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún kó tó di ọ̀sán. Èmi ti ki ìwé yìí sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò wọ pápá lẹ́ẹ̀mẹwàá báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì nínú òjò, ẹ̀ẹ̀kan nínú atẹ́gùn tó fẹ́ẹ̀ ṣí fìlà lórí mi, nítorí náà gbogbo nǹkan tí mo bá sọ níbí, ojú mi ló ṣe.

Fún ẹni tí ò bá mọ nǹkan tí mò ń sọ, ìwé pélébé ni, ojú ewé méjì méjì fún họ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó lọ dé ihò, nínú họ́ọ̀lù 18. Lápá òsì, wọ́n ya họ́ọ̀lù náà bí ẹyẹ ṣe máa rí i látòkè, ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, fairway tó jẹ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n gé koríko ẹ̀, bọ́ńkà tó jẹ́ kòtò iyanrìn, omi, igi, títí dé gíríìnì, ìyẹn ibi tí koríko ti kúrú jù tí ihò wà. Nọ́ńbà wà káàkiri ẹ̀, yàádì mélòó dé etí bọ́ńkà, mélòó ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fò kó tó kọjá omi. Lápá ọ̀tún, gíríìnì nìkan ni, bó ṣe jìn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ nípa bó ṣe yẹ kéèyàn gbá họ́ọ̀lù yẹn, pẹ̀lú ọfà pupa tó ń júwe ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Ọfà pupa yẹn, ẹ jẹ́ ká padà wá sórí ẹ̀, torí òun ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yọ ọ́ síta, ẹ̀gbọ́n tá a jọ máa ń gbá gọ́ọ̀fù rẹ́rìn-ín títí. "Àbúrò, ṣé ìdánwò lo fẹ́ lọ ṣe ni?" Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Jack Nicklaus, ọ̀gá nínú gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, bó ṣe mọ gọ́ọ̀fù tó, ní 1961 níbi US Amateur, ìdíje àwọn tí kì í gbá a fún owó, ní pápá Pebble Beach, Deane Beman tóun náà ń gbá gọ́ọ̀fù ló gbà á nímọ̀ràn pé kó máa fi ẹsẹ̀ wọn pápá kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì gba ife ẹ̀yẹ yẹn. Tí irú ojú Nicklaus ò bá tó o láti fi díwọ̀n, ṣé tèmi tí gbogbo nǹkan máa ń jọ 150 lójú ẹ̀ ló máa wá tó? Ẹ̀gbọ́n ò dá mi lóhùn, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ó dáa, họ́ọ̀lù 4. Páà 4 ni, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò, yàádì 361, ó yà sósì níbi tí igi pọ̀ sí. Ọfà pupa inú ìwé gba orí igi kọjá, ó ní kéèyàn gé kọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì kọ 224 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn iye yàádì tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fò kó tó kọjá igi. Ẹ wò ó, dráífà tèmi, ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, lọ́jọ́ tí ara mi bá yá, tí mo sun dáadáa, tí mo gbá a láàárín gbùngbùn, 200 ló ń fò, ó lè wá yí lọ dé 215 tílẹ̀ bá gbẹ. Kí ni mo ṣe? Mo gbá a sórí igi. Ọjọ́ kejì, igi. Ọjọ́ kẹta mo ní ó ti yé mi báyìí, màá fi agbára díẹ̀ kún un, ni bọ́ọ̀lù bá lọ lu ẹ̀ka kan gbàgà, ó padà wá bá mi lẹ́sẹ̀, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ síbi tí mo wà.

Ìgbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn ni mo jókòó tì í, mo wá wò ó pé nọ́ńbà míì wà lójú ewé yẹn tí mi ò kọbi ara sí rárá, 175 dé ibi tí ọ̀nà ti yà, 230 dé ìdí igi tòdìkejì. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù sáàárín 175 sí 230, ó ti dáa fún un. Wúùdù 5 mi, ọ̀pá tó kéré sí dráífà, ń gbé mi dé 190, 195. Á wá ku bí 166, 170, ìyẹn áyọ́ọ̀nù 5, ọ̀pá olórí irin, tí mo bá gbá a dáadáa, tí mi ò bá sì gbá a dáadáa, iwájú gíríìnì yẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí bọ́ńkà. Látọjọ́ yẹn, mo ti gba páà lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, bógì, ìyẹn páà lé ẹyọ kan, ni ìyókù, mi ò sì tíì tún fojú kan igi yẹn. Àwọn àgbà ṣáà ti sọ fún wa pé ká má wo ago aláago ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù dé 250 ni wọ́n ya ọfà yẹn fún, wọ́n ò sì kọ ọ́ síbì kankan nínú ìwé, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Kí ló dé tí wọn ò ya ọfà méjì, ọ̀kan fún àwọn alágbára, ọ̀kan fún irú tèmi?

Tẹ́ ẹ bá máa ra irú ìwé báyìí, ẹ má tíì wo ọfà, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà tó, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ gbá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó kọjá tẹ́ ẹ ṣì ń ròyìn. Èmi lọ síbi ìdánrawò, mo fi áyọ́ọ̀nù 7 gbá bọ́ọ̀lù ogún, mo wá wo bí wọ́n ṣe tú ká. Láti èyí tó lọ sósì jù dé èyí tó lọ sọ́tùn-ún jù, á máa tó yàádì 30! Ojú tì mí. Àmọ́ ó là mí lójú, torí tí àsíá bá wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí omi lápá ọ̀tún tí mo wá dojú kọ àsíá yẹn tààrà, bí ẹni ń bẹ omi pé kó wá mú bọ́ọ̀lù mi ni. Àárín gíríìnì ni mo ń dojú kọ báyìí, tàbí kí n tiẹ̀ lọ sósì díẹ̀ sí i. Mo máa ń fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí àsíá wà lórí àwòrán kí n tó gbá a, ewé ọ̀tún yẹn láyè tó dáa fún un.

Họ́ọ̀lù 7 náà nìyẹn, páà 3, omi wà níwájú. Iwájú gíríìnì 141, ẹ̀yìn 172, omi parí sí 136. Mo máa ń mú áyọ́ọ̀nù 7 torí ó ń lọ 145, mo ń rò ó pé ó kúkú ti kọjá omi. Ẹ jọ̀ọ́, 145 yẹn, ìgbà tí mo bá gbá a re ni o! Tí mo bá gbá a díẹ̀díẹ̀ báyìí, 132, omi. Ìwé yìí ló jẹ́ kí n rí i pé gíríìnì yẹn jìn tó yàádì 31 àti pé kò sí wàhálà kankan lẹ́yìn ẹ̀, koríko lásán ni. Áyọ́ọ̀nù 5 ni mò ń mú báyìí, tí mo bá gbá a re mo wà lápá ẹ̀yìn orí gíríìnì, tí ò bá sì lọ re mo ṣì wà lápá iwájú ẹ̀.

Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá o. Gíríìnì yẹn wà lókè ju ibi tá a ti ń gbá a lọ, ìwé ò sì sọ ọ́. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ bó ṣe wà máa kúrú. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n tó ń fi iná wọn ọ̀nà máa ń sọ ti òkè àti ìsàlẹ̀, àmọ́ tó bá di ìdíje wọ́n gbọ́dọ̀ pa apá ibẹ̀, torí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 gbà kéèyàn fi ẹ̀rọ wọn bí ibì kan ṣe jìnnà tó, kò gbà kó wọn gíga ilẹ̀. Ìwé náà ní òfin tiẹ̀ o, kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì 4¼ ní fífẹ̀ àti íǹṣì 7 ní gígùn lọ, àwòrán gíríìnì inú ẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ tóbi ju íǹṣì 3/8 fún yàádì 5. Mo fi rúlà wọn tèmi, ó yege. Íǹṣì 4¼ yẹn náà kúkú ni fífẹ̀ ihò tá à ń wá kiri látàárọ̀, ẹ ò rí i pé nǹkan ńlá ń bẹ! Àwọn ìdíje ńlá kan tún wà tí wọn ò ní gbà yín láyè àfi ìwé tí àwọn fúnra wọn bá fọwọ́ sí, látọdún 2022, nítorí náà ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó kó o wọlé.

Ibi tí ìwé yìí ti gbà mí jù ni họ́ọ̀lù 13. Páà 5, yàádì 498, omi gùn láti 75 dé 30 kó tó kan gíríìnì. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti gbá dráífà re báyìí, orí mi á wú, màá mú wúùdù 3 màá fi gbogbo ara jù ú. Omi. Ìwé ní ká bẹ̀rẹ̀ ìṣirò látẹ̀yìn wá síwájú, ibo lo ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tó máa kan gíríìnì? Èmi àti wẹ́ẹ̀jì mi, ọ̀pá tá a fi ń gbá ibi tó sún mọ́, mọwọ́ ara wa ní 100. Dráífà 210, ó ku 288, wúùdù 5 gbé e lọ ní 190, ó ku 98, ó parí. Ẹ̀gbọ́n ní mò ń ṣojo. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí Jean van de Velde níbi ìdíje ńlá tó ń jẹ́ Open ní Carnoustie ní Scotland ní 1999, bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló fi ṣíwájú, họ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kù, 6 ti tó o láti gba Open lórí páà 4, ó yọ dráífà, bọ́ọ̀lù kejì lọ kọ lu irin ibi táwọn èèyàn jókòó sí ó padà sẹ́yìn, ẹ̀kẹta kó sódò, 7 ló gbá, Paul Lawrie ló gba ife lọ́wọ́ ẹ̀ nínú àtúngbá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá nìyẹn o! Ẹ̀gbọ́n dákẹ́, wọ́n yọ wúùdù 3 wọn, wọ́n gbá a sómi.

Ká wá sórí ibi tó dùn mí. Ojú ewé họ́ọ̀lù 15, wọ́n kọ ọ́ pé 240 ni dé àwọn òpó funfun tí pápá parí sí. Mo gbá dráífà láìfòyà, ó sì dáa gan-an lójú, àfi bá a ṣe débẹ̀ tá ò rí i. A wá a títí ìṣẹ́jú mẹ́ta tí òfin fún wa fi pé, kádì, ẹni tó ń bá wa gbé àpò, ló wá rí i lẹ́yìn òpó. Ìyẹn túmọ̀ sí pé mo padà lọ gbá a láti ibẹ̀rẹ̀, ó sì ti di ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n ló tú àṣírí ẹ̀, 215 ni láti ibi tá a ti ń gbá a, 240 yẹn jẹ́ ti ibi ẹ̀yìn pátápátá, bẹ́ẹ̀ gbogbo ewé yòókù, iwájú níbi tí àwa ń lò ni wọ́n ti wọn wọ́n. Aṣiṣe kan ṣoṣo, ó gba bọ́ọ̀lù méjì lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n tún fi ewé tí wọ́n ti ṣàtúnṣe ránṣẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ jáde kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Àmọ́ bọ́ńkà họ́ọ̀lù 11 tí wọ́n ti dí pa ṣì wà nínú àwòrán, mo sọ ìyẹn náà fún wọn, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ìwé fúnra ẹ̀ lágbára, àmọ́ yíǹkì ẹ̀ ò fẹ́ràn òjò. Ewé 9 àti 10 lẹ̀ mọ́ra lọ́jọ́ òjò kejì. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ máa fi kọ̀wé sí i, báírò máa ń ràn.

Ti atẹ́gùn, ọfà kékeré kan tó ń júwe àríwá ni wọ́n fi síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìyókù. Èyí tó bá dojú kọ mí mo máa ń mú ọ̀pá tó fi ipò kan tàbí méjì lágbára sí i, èyí tó bá ti ẹ̀yìn wá mi kì í yọ tó bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣèrànwọ́ tó bí tiwájú ṣe ń ṣèdíwọ́.

Kí n tó rà á, 95 sí 98 ni mò ń gbá fún họ́ọ̀lù 18, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá kéré ló dáa. Báyìí 88 sí 91 ni, mo gbá 86 lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbá 94, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ pọ́tà, ọ̀pá orí gíríìnì, nìyẹn, kì í ṣe ti ìwé. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un nínú márùn-ún, ọfà pupa àti ewé 15 ló gba ọ̀kan yẹn.

Mi ò lè ya fọ́tò ẹ̀ fún yín báyìí torí kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ti yá a látọjọ́ Sátidé, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wo ewé 13 ni.