Ọ́fíìsì tá a gbà ní Bedford Square: ilé rẹwà, àmọ́ ẹ bèèrè òkè wo ni wọ́n fẹ́ kó yín sí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o: tẹ́ ẹ bá ń wá ọ́fíìsì ní àárín Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n wá mú yín lọ wo yàrá ní Bedford Square, ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọjá sí òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yẹn, kẹ́ ẹ gbójú sókè wo fèrèsé dáadáa. Fèrèsé ló máa sọ ibi tó dáa nínú ilé fún yín, ẹni tó ń mú yín kiri kò ní sọ ọ́.

Láàrin 1775 sí 1783 ni wọ́n kọ́ àwọn ilé yìí, ayé ọba George Kẹta, orí ilẹ̀ Duke ti Bedford. Olówó ló ń gbé ibẹ̀ nígbà yẹn, ìdílé kan sí ilé kan. Ní báyìí ọ́fíìsì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ṣì ní àwọn ìwé African Writers Series tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí 1980 nílé, ẹ ṣí iwájú ìwé wò, ẹ máa rí 22 Bedford Square níbẹ̀, ibẹ̀ ni Heinemann Educational, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwọn ìwé yẹn, wà nígbà yẹn. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo rí nọ́ńbà yẹn lójú ilẹ̀kùn, mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn.

Ẹ má sáré wọlé, ẹnu ọ̀nà gan-an tó wò. Àwọn búlọ́ọ̀kù tó yí ilẹ̀kùn ká rí hágahàga bí igi tí kòkòrò ti jẹ, orí bàbá onírùngbọ̀n kan sì wà lókè pátápátá tó ń wo gbogbo ẹni tó bá ń wọlé. Ẹ máa rò pé òkúta ni, kì í ṣe òkúta rárá, amọ̀ tí wọ́n sun níná ni, Coade stone ni wọ́n ń pè é, obìnrin kan tó ń jẹ́ Eleanor Coade ló ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Lambeth láti 1769. Ó ti lé ní igba ọdún tí òjò Lọ́ńdọ̀nù ti ń lù ú, irùngbọ̀n bàbá yẹn ṣì wà níbẹ̀ geere, ẹ lè ka irun ẹ̀.

Ó yá, fèrèsé. Ti òkè kìíní ló ga jù, torí ibẹ̀ ni onílé ti ń gbàlejò. Ti òkè kejì kúrú díẹ̀, yàrá ìbùsùn. Èyí tó ń yọjú láàrin òrùlé kéré, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń sùn síbẹ̀. Báyìí ni ilé ṣe pín àwọn èèyàn nígbà yẹn, báyìí náà ló ṣì ṣe ń pín wa, àmọ́ iye kan náà ni àwọn tó ń yá wa ní yàrá ń gbà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, òkè tàbí ìsàlẹ̀! Àwa wà ní òkè kìíní, a dúpẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kún ibẹ̀, sílìn ga, ọnà tí àwa máa ń pè ní POP wà lára ẹ̀ yíká. Pákó kan wà tí wọ́n ká sínú ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, mo fà á, ó ká jáde ó bo fèrèsé pátápátá, ariwo mọ́tò sì lọ sílẹ̀. Ní àwọn yàrá míì wọ́n ti fi ọ̀dà lẹ̀ ẹ́ pa, ìwà ìkà gbáà.

Àwọn tó wà lábẹ́ òrùlé ńkọ́? Òtútù ni wọ́n ń jẹ lóṣù January, ooru ló ń pa wọ́n lóṣù July, hítà wọn ti bàjẹ́ tipẹ́, ẹ bá pè, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Gíláàsì fèrèsé kò nípọn, ẹ ò sì lè kàn pààrọ̀ ẹ̀, torí Grade I, ipò tó ga jù fún ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò, ni ìjọba fi àwọn ilé náà sí, àṣẹ lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí lífítì. Àtẹ̀gùn òkúta ni, etí kan ẹ̀ ló wọnú ògiri, ìyókù fẹ̀yìn ti ara wọn láìsí òpó kankan lábẹ́ ẹ̀, ó wuyì lójú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní oníbàárà tó ń lo wheelchair tàbí ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, ẹ má gba ibẹ̀.

Kíṣìnì àtijọ́ ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di yàrá ìpàdé, Wai-fai ò dé ibẹ̀ dáadáa torí bíríkì yẹn ki. Ihò tí wọ́n ń da èédú sí lábẹ́ títì, báìsíkù la ń kó síbẹ̀ báyìí. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pátíṣọ̀n kan ní òkè kejì, ẹnì kan ti fi là yàrá sí méjì látijọ́, ó gba àárín ọnà sílìn kọjá, ìdajì òdòdó wà lọ́dọ̀ akáǹtì, ìdajì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò.

Ọgbà àárín yẹn, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Mo fún ilé ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, mo fún àwọn tó ń yá wa ní méjì. A máa tún owó san lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ní ká kó lọ sábẹ́ òrùlé, a ó kó jáde ni.